Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Ní Aago Méje

Nínú ilé onígbàjámọ̀, ìyàwó ló ń ṣòfin, ìyàwó náà ló sì ń dájọ́. Aránṣọ ni obìnrin náà, àtìgbà tí kónílé-ó-gbélé sì ti bẹ̀rẹ̀ nítorí àrùn kòrónà, ìbòmú ló ń rán láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní òun ò lè máa rán ohun tó ń gba gbogbo àdúgbò lọ́wọ́ ikú kí ikú wá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ òun. Bí ìbòmú ṣe di dandan nínú ilé nìyẹn, kì í ṣe níta nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun á kọjú sí ògiri tirẹ̀, á fa ìbòmú wálẹ̀, á jẹun, á tún fà á sókè kó tó yíjú padà. Ẹni tó bá rú òfin ni yóò fọ gbogbo abọ́ ọjọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ ti fọ abọ́ títí ó fi mọ èyí tó sán àti èyí tí etí rẹ̀ ti ya.

Ẹ má tíì dá obìnrin náà lẹ́bi o. Ọkọ rẹ̀ ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fínra tipẹ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ lórí rédíò lójoojúmọ́ pé irú wọn ni kòrónà ń kọ́kọ́ mú lọ. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù náà ló sọ ọ́ di ọlọ́pàá.

Ọkọ ni kò bẹ̀rù. Ọ̀sẹ̀ keje rèé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti wà ní títì. Kò rí orí gẹ̀, kò rí oníbàárà tí yóò bá a jiyàn, ni gbogbo ẹ̀fẹ̀ tó ti kó jọ fún ṣọ́ọ̀bù bá ń dà lé ìyàwó lórí. Èyí tó fẹ́ràn jù ni kó dúró sẹ́yìn àga ìyàwó, kó máa sọ̀rọ̀ wuruwuru lábẹ́ ìbòmú bí ẹni tó ní omi lẹ́nu. Bí ìyàwó bá bi í pé kí lẹ wí, á tún un sọ, kò sì ní já gaara ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó dìgbà tí inú bá bí obìnrin náà kí ọkọ tó fa ìbòmú sílẹ̀, kó rẹ́rìn-ín, kó ní, “Ṣó o rí i? Aṣọ rẹ yìí ti sọ gbogbo wa di odi.” Lẹ́yìn náà ni á lọ fọ abọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń wí yìí, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni onígbàjámọ̀ jí. Ohùn rẹ̀ dá ṣáká. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó ń béèrè ẹni tó gbé omi gbígbóná òun, ọmọ rẹ̀ sì dá a lóhùn láti ilé ìdáná pé ẹni tó bá tètè jí ló ni omi. Tíṣà ni gbogbo ilé ń pe ọmọbìnrin yìí. Àbígbẹ̀yìn wọn ni, àwọn ọmọ kékeré ló sì ń kọ́ kí wọ́n tó ti gbogbo ilé ìwé pa. Bàbá àti ọmọ jọ rẹ́rìn-ín. Aránṣọ gbọ́ wọn, kò dá sí i, nítorí igba ìbòmú ló gbọ́dọ̀ jáde nílé náà kó tó di ọ̀sán, àádọ́ta ló sì kù.

Bí wọ́n ṣe ń ka ìròyìn aago méje lórí rédíò, tí wọ́n ń ka iye òkú àná, ni ọkọ rẹ̀ dé ẹ̀yìn àga rẹ̀. Ó sọ nǹkan kan. Wuruwuru.

“Bàbá, mo níṣẹ́ lọ́wọ́,” ni ìyàwó wí láì gbójú sókè.

Ó tún un sọ. Ó gùn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

“Eré yín ò tà lónìí o. Ẹ lọ jẹun.”

Ọkùnrin náà di ẹ̀yìn àga mú. Àga náà mì. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin náà sì fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì kíkankíkan kí ariwo rẹ̀ lè bo ohùn ọkọ mọ́lẹ̀. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ kúrò, kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ tí bàtà ẹsẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì pòṣé pé àgbàlagbà yìí ti fi títiro kún eré.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Kò yíjú.

Aago mẹ́sàn-án ni Tíṣà lọ kó abọ́ oúnjẹ àárọ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó síbi tí òfin ní kó jókòó, ó kọjú sí ògiri. Tíì wà nínú ife, ó ti tutù. Búrẹ́dì ti já bọ́ sílẹ̀. Ìbòmú bò ó lẹ́nu dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti rin gbingbin, omi sì ń kán láti abẹ́ rẹ̀ sí àyà ẹ̀wù.

“Bàámi, ẹ sì ti da tíì sára.”

Kò dáhùn. Ọmọ náà tẹ̀ síwájú, ó fa ìbòmú náà wálẹ̀. Ẹnu bàbá rẹ̀ ti wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Itọ́ ló ń kán, kì í ṣe tíì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan bí ohun tí ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀.

“Màámi,” ni Tíṣà wí, kò pariwo, “ẹ wá.”

Aránṣọ dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú okùn ìwọ̀n aṣọ lọ́rùn. Ó rí ẹnu náà. Lójú ẹsẹ̀ ló mọ ohun tó dúró sẹ́yìn òun láago méje. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

Ìyá Òkè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òkè wọn ni obìnrin yìí ń gbé, láti ibẹ̀ ló sì ti máa ń gbọ́ ohun gbogbo. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn, ó dúró síbẹ̀, nítorí ìjọba ní kí èèyàn jìnnà síra.

“Rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ má gbé e lọ sílé ìwòsàn o. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lásìkò yìí, orúkọ kan náà ni wọ́n ń kọ sí gbogbo wọn lórí. Wọ́n á ní kòrónà ni, wọ́n á wá ti gbogbo ilé yìí pa fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Èmi sì ní ọjà tí mo fẹ́ kó lọ́la.”

“Ọjà lẹ wá ń sọ,” ni Tíṣà wí.

“Kí n má sọ ọ́? Àná ni wọ́n gbé ọkọ alágbàfọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn jáde. Ta ló ti gbúròó rẹ̀?”

Kò sẹ́ni tó ti gbúròó rẹ̀. Ìyá Òkè ní kí wọ́n gbé omi kaná, kí wọ́n fi aṣọ gbígbóná máa tẹ ọwọ́ náà, pé bí wọ́n ṣe ṣe fún ẹ̀gbọ́n òun nìyẹn. Àyà tó ti já kì í yan ẹni tí yóò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ gbé omi kaná.

Tíṣà ní tirẹ̀ ń pe nọ́ńbà pàjáwìrì tí wọ́n kọ sára gbogbo ògiri ìgboro. Ohùn obìnrin kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló ń dá a lóhùn: ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ dúró sílé. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n ní kó fọ ọwọ́.

“Màámi, omi kí lẹ tún ń gbé kaná?”

“Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó fẹ́ kí ara rẹ̀ móoru díẹ̀.”

“Ẹ ò ní í fi omi gbígbóná pa bàbá mi.”

Kò sí ọmọ tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìyá rẹ̀ nínú ilé náà rí, Ìyá Òkè pàápàá wo ibòmíràn. Ìyá pa iná, ó gbé omi náà sọ̀ kalẹ̀, ó lọ mú bàtà ọkọ rẹ̀. Ọ̀kan péré ló rí. Ìkejì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dojú bolẹ̀.

Awakọ̀ mẹ́ta ló kọ̀ wọ́n. Ìkẹrin, tó ń gbé ní ojúlé kẹta sí tiwọn, tí onígbàjámọ̀ ti ń gẹ orí fún láti kékeré, gbà. Ṣùgbọ́n ó wọ aṣọ òjò látorí dẹ́sẹ̀ nínú oòrùn, ó ṣí gbogbo fèrèsé ọkọ̀, ó sì ní kí wọ́n má bá òun sọ̀rọ̀. “Ẹ má bínú, Ìyá. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí.” Aago mẹ́wàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí wọ́n tó gbé ọkùnrin náà wọlé sẹ́yìn ọkọ̀, orí rẹ̀ lé èjìká ìyàwó, ẹsẹ̀ lé itan ọmọ.

Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ wọn jù kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n ti géètì rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ó gbé ìbòmú sí àgbọ̀n.

“Pàjáwìrì ni,” ni Tíṣà wí. “Bàbá mi ní rọpárọsẹ̀.”

“Kò sí pàjáwìrì níbí mọ́. Àwọn tó ní kòrónà nìkan là ń gbà.”

“Kò ní kòrónà.”

“Ẹ yáa máa dúpẹ́,” ni ẹ̀ṣọ́ wí. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní òdìkejì ìlú.

Nínú ọkọ̀, onígbàjámọ̀ la ojú sílẹ̀ kalẹ̀, ó ń wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ń nu itọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń ka gbogbo aago tí wọ́n bá kọjá lára ògiri báńkì àti ilé ìjọsìn. Kò fẹ́ kà á, ojú rẹ̀ ló ń kà á fúnra rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n na ẹ̀rọ kékeré kan sí iwájú orí ọkùnrin náà. Oòrùn ti pa á láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ẹ̀rọ sì ní ara rẹ̀ gbóná. Ni wọ́n bá darí wọn sínú àgọ́ kan tí wọ́n pa sí ìta, níbi tí àwọn oníkọ́ ń jókòó sí. Ẹ gbọ́ mi o: ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ò gbà á nítorí pé kò ní kòrónà, ìkejì ò sì gbà á nítorí kò tíì dá wọn lójú pé kò ní. Bí wọ́n bá ní kí wèrè ṣètò ọ̀rọ̀, ṣé á dà á rú ju báyìí lọ?

Nọ́ọ̀sì tó wọ aṣọ funfun látòkè délẹ̀ ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọkùnrin náà nímú. Ojú rẹ̀ nìkan ló hàn, ó ti wú fún àìsùn. “Ẹ má bínú sí wa. Méjì nínú àwa nọ́ọ̀sì ló kú níbí lóṣù tó kọjá,” ló sọ. Ó gbé ìwé jáde. “Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?”

“Aago mẹ́sàn-án,” ni Tíṣà wí.

Ìyá rẹ̀ wà nítòsí. Ẹnu rẹ̀ là lábẹ́ ìbòmú, ó sì tún pa dé, ẹnikẹ́ni ò sì rí i. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀: mẹ́sàn-án. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti ẹlòmíràn ni èyí fẹ́ bá a dákẹ́.

Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n lò nínú àgọ́ yẹn. Èsì jáde pé kò ní kòrónà, wọ́n sì gbé e wọlé sáré, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé sísáré wà láyé. Wọ́n yàwòrán ọpọlọ rẹ̀. Ìyá àti ọmọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àga kan tí wọ́n lẹ bébà pupa mọ́ wà láàárín wọn, kí èèyàn méjì má baà fara kanra. Fóònù aránṣọ dún, ó rí i pé ẹni tó fẹ́ gba ìbòmú ni. Ó jẹ́ kó dún tán.

Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni dókítà jáde. Kò ju ẹgbẹ́ Tíṣà lọ lọ́jọ́ orí, ó sì ń sọ̀rọ̀ kíákíá.

“Ẹ̀jẹ̀ ò tú sínú ọpọlọ wọn. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà. Oògùn kan wà tó lè tú u, tó sì lè gba ọwọ́ àti ẹnu wọn là, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ lọ lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní aago mẹ́sàn-án, àyè ṣì wà dáadáa. Nísinsìnyí ni mo fẹ́ gún wọn ní abẹ́rẹ́ rẹ̀.”

“Olúwa ṣeun,” ni Tíṣà wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Dókítà,” ni aránṣọ wí. “Bí ó bá ti kọjá wákàtí yẹn ńkọ́?”

“A kì í gún un. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tú sínú ọpọlọ. Ó lè pa wọ́n.” Ó ti yí padà, ó ń lọ.

Obìnrin náà dìde, ó sì tún jókòó. Bí òun bá dákẹ́, wọn á gún un, bóyá á sì ṣiṣẹ́. Bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé pé ọkọ òun wá wá ìrànlọ́wọ́ lẹ́yìn àga òun, tí òun fi maṣíìnì lé e. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìtìjú náà wúwo, ó rò pé òun ò ní lè gbé e dìde. Ṣùgbọ́n ó rí ọkọ rẹ̀ lójú inú, ẹ̀jẹ̀ ń tú nínú orí rẹ̀, nítorí kí ojú má baà ti òun.

“Dókítà, ẹ dúró.” Ohùn rẹ̀ ga débi pé àwọn tó wà lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíjú. “Kì í ṣe aago mẹ́sàn-án.”

Dókítà padà wá.

“Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Láago méje, ó ti bàjẹ́. Ó wá bá mi. Mo rò pé eré ló ń ṣe, ó máa ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Ìbòmú wà lẹ́nu rẹ̀, mi ò rí ojú rẹ̀. Irọ́ ni mo ń pa. Mi ò yíjú ni. Ká ní mo yíjú, ǹ bá ti rí i.”

“Kí ni wọ́n sọ fún yín?”

“Mi ò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, mo sì tẹ maṣíìnì bo ohùn rẹ̀.”

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń fi ètè ṣírò. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀ tó dá ṣáká kẹ́yìn, wákàtí márùn-ún àtààbọ̀ ni. “Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́, Ìyá,” ló wí. Ó wọlé padà. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, àwọn méjèèjì rí i tó sọ nǹkan fún nọ́ọ̀sì kan, tí nọ́ọ̀sì náà sì gbé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti pèsè kúrò lórí tábìlì.

Tíṣà dìde kúrò lórí àga rẹ̀. Ó lọ jókòó sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àga mẹ́rin sí ìyá rẹ̀. Ó kọjú síta.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn títí aago kan fi lù, tí aago méjì fi lù. Ìyá Òkè pè, aránṣọ sì gbé e sétí. Ó ní gbogbo àdúgbò ń béèrè bóyá kòrónà ni. Ó ní òun ti bá wọn ti ilẹ̀kùn. Ó tún ní òun gbọ́ pé ká ní wọ́n tètè gbé e lọ ni, abẹ́rẹ́ kan wà. Aránṣọ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Ìyá Òkè ò rántí ẹni tó ní kí wọ́n gbé omi kaná. Bó bá rántí, kò wí.

Lẹ́yìn aago méjì ni nọ́ọ̀sì jáde. Ó ní onígbàjámọ̀ wà láyé, wọ́n ti fún un ní oògùn mìíràn tí kò lágbára tó ìyẹn, ọwọ́ ọ̀tún ò tíì gbé ara rẹ̀, wọn ò sì lè sọ bóyá yóò gbé e. Wọ́n ti fẹ́ gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bẹ aláìsàn wò níbẹ̀ nítorí kòrónà, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí òfin yẹn máa kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo lè wọlé báyìí, ìṣẹ́jú kan péré.

Aránṣọ wo ọmọ rẹ̀. “Ìwọ lọ. Ìwọ lo rí i.”

Tíṣà ò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọ̀sán. Ó yíjú kúrò lójú fèrèsé, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Ẹ lọ, Màámi. Ẹ̀yin ló ń bá sọ̀rọ̀.”

Wọ́n wọ aṣọ nọ́ọ̀sì fún un, wọ́n fi ike bò ó lójú, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ fún un lọ́wọ́ méjèèjì. Ọkọ rẹ̀ sùn gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, okùn wà ní apá rẹ̀, ẹnìkankan ò sì bò ó lẹ́nu mọ́. Ẹnu náà wọ́ síbi tó wọ́ sí. Nígbà tó rí obìnrin náà, ó dá a mọ̀ láìka gbogbo ohun tí wọ́n wọ̀ fún un sí, ó gbìyànjú láti gbé orí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn, kò ní orí, kò ní ìdí, ó ń dúró, ó ń tún bẹ̀rẹ̀, omijé sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ bọ́ sínú etí.

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ike ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n ọkùnrin náà. Kò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀. Ó ń mi orí, ó ń ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá. Mo ń gbọ́. Ẹ máa wí.”

“Ìyá, ìṣẹ́jú kan ti pé,” ni nọ́ọ̀sì wí lẹ́yìn rẹ̀. Ó di bẹ́ẹ̀dì mú láti tì í.

Aránṣọ ò yíjú. Ó na ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó fi dá bẹ́ẹ̀dì náà dúró.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ló wí, “ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.”